Kẹ̀yìn sí Sípíkà Kí O Tó Rà Á

Òwú gun orí àpótí, ó na apá méjèèjì sókè, ó ń ti sípíkà ńlá kan sórí pẹpẹ tó wà lókè fèrèsé yàrá ìránṣọ ìyá rẹ̀. Òógùn ń ro tótó níwájú orí rẹ̀. Sípíkà náà wúwo bí ẹni pé òkúta ni wọ́n dì sínú rẹ̀, pẹpẹ náà sì ń ké bí ó ti ń gba ẹrù tí kò rò tẹ́lẹ̀. Nísàlẹ̀, ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ ràì, ó ń rán kọ́là mọ́ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, èyí tó ti rán tán sì ga bí òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Má jẹ́ kó já lé mi lórí o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Orí yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò."

Òwú rẹ́rìn-ín. Òwú kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fún un ní ìnagijẹ náà, nítorí pé ọmọ télọ̀ ni, ó sì rí tín-ín-rín. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé ìyá rẹ̀ pàápàá ń fi í pè é.

Ìdánwò tí ìyá rẹ̀ dárúkọ kì í ṣe àwàdà. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ó ku díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé girama ni bàbá rẹ̀ kú, ìdí abẹ́rẹ́ ni ó sì gbà lọ. Ní ọdún yìí tí ewú ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, ó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kan náà tí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà láti ọ̀nà jíjìn ló ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ohùn olùkọ́ obìnrin kan ni, tó ń ṣàlàyé, tó ń béèrè ìbéèrè, tó ń dákẹ́ díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn, kó tó wá sọ ìdáhùn tó tọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń jókòó tì í. Ìyá Òwú kò ráyè jókòó ti nǹkan kan àfi ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ ilé ti ń wá.

"Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́," ni ó máa ń wí. "Etí mi nìkan ni kò níṣẹ́. N kò sì lè máa bọ́ ọ̀lẹ."

Bó ti ń ránṣọ ni ó ń dá olùkọ́ inú fóònù lóhùn láìdá ẹsẹ̀ dúró. Òwú ti rí i rí tí ìyá rẹ̀ yí etí aṣọ po, tó fi eyín gé òwú, tó sì sọ ìdí tí aṣọ tútù fi ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́, láì mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹnu máa ń yà á. Òun tó ní tábìlì, tó ní ìwé, tó ní olùkọ́ tó lè fojú rí, ilẹ̀kùn tó dún lásán ti tó láti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn fóònù nìkan kò lè borí igbe ẹ̀rọ ìránṣọ. Nítorí náà wọ́n so fóònù mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé ohùn sókè, èyí tí àbúrò ìyá rẹ̀ fi ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sì so ìyẹn mọ́ sípíkà àtijọ́ kan. Sípíkà náà ṣiṣẹ́ títí ó fi gbó, títí bébà inú rẹ̀ fi ya bí àkísà. Ni ìyá rẹ̀ bá fi owó lé Òwú lọ́wọ́, ó ní kó lọ ra òmíràn. "Ìwọ lo ń kọ́ físíìsì láti ọjọ́ tó pẹ́," ni ó wí. "Ra èyí tí màá fi gbọ́ olùkọ́ mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Èyí tó rà ni ó ń tì sókè yìí. Òrùka fàdákà yí ẹnu rẹ̀ ká. Lábẹ́ òrùka náà ni wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ nọ́ńbà kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́: 1200 wáàtì.

Òwú so wáyà tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ fóònù. Ohùn olùkọ́ náà jáde. Ó jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga tí wọ́n fi ẹní bò. Òwú yí ohùn sókè. Ó tún yí i. Ìyá rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró, ó tẹ́tí, ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ń dán bíi ti ẹni tó gba ẹ̀bùn.

"Bàbá tó ń tà á ló yàn án fún yín," ni Òwú wí kíákíá.

"Ó dára," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ó rẹwà. O ṣeun, ọmọ mi."

Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Irọ́ ni Òwú pa. Bàbá tó ń ta sípíkà kò yan èyí fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Kẹ̀yìn-sí-i ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ọ̀nà tó ń gbà tajà. Bí oníbàárà bá wọlé, yóò ní kó jókòó lórí àpótí kan, kó kọjú sí ògiri, kó kẹ̀yìn sí gbogbo ọjà. Yóò da aṣọ bo àwọn sípíkà, yóò máa so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníbàárà yóò sì na ìka sókè nígbà tí etí rẹ̀ bá gbọ́ èyí tó fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń rí nọ́ńbà kankan títí yóò fi yàn tán. Àwọn kan a máa bínú, wọ́n á ní àwọn ò wá ṣe eré bojúbojú. Bàbá náà kì í bá wọn jà. Yóò kàn nawọ́ sí àpótí náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òwú nìkan kọ́ ló lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ariwo bá a lọ, ọmọbìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ará ilé kejì ń gbọ́. Kíláàsì wọn ń múra ìdíje ijó, wọ́n sì ń wá ilé tí wọn á ti máa dánra wò. Wọn kò tíì pe Òwú sí ẹgbẹ́ náà rí. Ariwo ló gbé ìmọ̀ràn wá: bí ìyá Òwú bá lè ra sípíkà tó lágbára, ilé wọn ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa wá, wọn á sì fi Òwú sí ìlà iwájú. Ìlà iwájú. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò gbọ́ òmíràn mọ́.

Bí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù ni ojú àwọn méjèèjì bọ́ sórí nọ́ńbà aláwọ̀ wúrà.

"Ẹgbẹ̀fà wáàtì," ni Ariwo kà, bí ẹni tó ń ki ọba. "Tilé wa ò ju ọgọ́rin lọ, ará àdúgbò sì ti ń bẹ̀ wá. Eléyìí á wó ògiri."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá náà ni méjì kékeré wà, pákó lásán, kò sí òrùka, kò sí wúrà. Wọ́n kọ ọgbọ̀n wáàtì sẹ́yìn wọn ní lẹ́tà tó kéré bí èèrà. Òwú kò tilẹ̀ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá náà béèrè ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ. Òwú ní ìyá òun ni. Ó béèrè ohun tí ìyá náà fẹ́ máa gbọ́. Òwú ní ẹ̀kọ́ ni, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá náà mi orí, ó fa àpótí jáde, ó ní kó jókòó, kó kẹ̀yìn sí òun.

Òwú mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá jókòó síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òun dìde pẹ̀lú ohun mìíràn. Nítorí náà ó sá sábẹ́ ìwà ọmọlúàbí.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ó wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Wọn kì í kẹ̀yìn sí àgbà."

Ariwo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. 

"Ẹ̀kọ́ ilé rẹ dára," ni ó wí. "Ibi tí o ti lò ó ni kò dára. Máa gbé e lọ. Bí kò bá bá yín lára mu, dá a padà. Má ṣáà jẹ́ kí ara rẹ̀ họ."

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí Òwú rò fún ìyá rẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn oníjó wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá rẹ̀ lọ ra bọ́tìnnì. Wọ́n kún yàrá náà, wọ́n ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wo nọ́ńbà òkè fèrèsé, àwọn kan tilẹ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Òwú tẹ orin. Orin náà ń dún gbì, gbì, bí ẹni tó ń lu tìmùtìmù. Wọ́n ní kó gbé e sókè. Ó gbé e. Wọ́n ní kó tún gbé e. Ó yí i títí kò fi ṣeé yí mọ́, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ràràrà bí aṣọ tí wọ́n ń fà ya, síbẹ̀ kò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹgbẹ̀fà náà nìyí?" ni ọ̀kan béèrè. "Fóònù mi kọrin jù ú lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jáde. Ariwo nìkan ló kù sẹ́yìn. Ó bá Òwú dá àwọn àga padà sí àyè wọn, kò sì sọ nǹkan kan. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Òwú rò pé ẹ̀sín yẹn ni gbogbo ìyà tó máa jẹ. Kò mọ̀ pé èyí tó tóbi jù ti ń lọ lọ́wọ́ nínú ilé láìpariwo. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ni kò dún bó ti ń dún mọ́. Tẹ́lẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ni, tí kì í dá. Nísinsìnyí, ẹ̀rọ náà á lọ ràì, á dákẹ́. Á tún lọ ràì, á tún dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè ni ìyá rẹ̀ ń dá ẹsẹ̀ dúró, tó ń gbé orí sókè sí òkè fèrèsé, tó ń fi ọwọ́ ká etí. Kò ráhùn. Kò sọ pé òun ò gbọ́. Òkìtì aṣọ tí kò tíì rán wá ń ga, èyí tó ti rán tán ń lọ sílẹ̀. Bàbá ọmọ kan wá gba aṣọ, kò tíì ṣe tán, ó sì kó aṣọ rẹ̀ láìrán lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Ìyá Òwú bẹ̀ ẹ́, ó sì sin ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni èsì ìdánwò àyẹ̀wò dé, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ti gidi tó dé. Ìyá rẹ̀ kà á lórí fóònù: kò yege. Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì. Ó yọ téèpù tó fi kọ́ ọrùn, ó ń ká a díẹ̀díẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀.

"Òwú, mo ti rò ó," ni ó wí. "Ó jọ pé ọpọlọ tèmi ti kọjá ibẹ̀ yẹn. Bí mo bá tẹ́tí, iṣẹ́ dúró. Bí mo bá ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ sá lọ. Ohun tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, n ò lè ṣe é mọ́. N ó ní kí wọ́n yọ orúkọ mi. Ìwọ ni kí o kàwé, ìwọ lo kéré."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó bá ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ kò tó ara. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló gún Òwú láyà. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ti rí ẹni tó jẹ̀bi: orí ara rẹ̀. Ẹjọ́ ti parí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó dé? Ìdánwò ìyá òun kò ní dúró dè é.

"Màmá, kì í ṣe ọpọlọ yín," ni ó wí.  "Sípíkà ni. Bàbá náà kọ́ ló yàn án. Èmi ni mo yàn án, nítorí ijó. Ó ní kí n gbọ́ ọ kí n tó rà á, mo kọ̀."

 Ìyá rẹ̀ gbé àlùmọ́gàjí, ó tún gbé e kalẹ̀.

"O ń gbọ́ mi," ni ó wí níkẹyìn, "bí mo ṣe ń pe orí ara mi ní òpè lójoojúmọ́. Orí tí kò ṣẹ̀. O sì ń jẹun." Ó nawọ́ sí òkè fèrèsé. "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé e wá ni kó gbé e padà."

Ìyá rẹ̀ wé e ní àkísà rírọ̀ kó má baà họ lọ́nà, kò sì tún bá Òwú sọ̀rọ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà.

Ariwo bá a gbé e. Wọ́n gbé e títí apá wọn fi rọ. Bàbá Kẹ̀yìn-sí-i tú àkísà náà, ó yí sípíkà ká, ó fi ìka wá ibi tó họ, kò rí. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn fa àpótí jáde.

Lọ́tẹ̀ yìí Òwú jókòó. Ó kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí àgbà, kò sì sọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí kankan. Bàbá náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo òde. Ó gba fóònù Òwú, níbi tí ó ti gba ẹ̀dà ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ kan sí, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi tilé wọn gẹ́lẹ́. Fóònù Ariwo ní ohun kan tó ń wọn bí ohùn ti le tó, Bàbá náà sì ní kí Ariwo gbé e sórí itan Òwú, kó máa wò ó.

Ti àkọ́kọ́ dún. Òwú mọ̀ ọ́n láìwẹ̀yìn: kànga, ẹní, ohùn tó ń wá láti ìsàlẹ̀. Ó dákẹ́. Òwú gbọ́ tí wáyà yí lọ́wọ́ bàbá náà.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan mí.

Kì í ṣe Ariwo. Kì í ṣe bàbá náà. Olùkọ́ ni. Ó mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Òwú ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìmọye ìgbà, kò sì mọ̀ rí pé olùkọ́ náà ń mí. Ìwé kan ṣí níwájú rẹ̀, ṣìrìrì. Àga rẹ̀ dún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dá dúró, ó mọ́, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tán tí wọ́n sá sórí okùn, tí ọ̀kan kò kan èkejì.  Ó dá a lójú pé obìnrin náà ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, pé ó dúró sí ẹ̀yìn òun gan-an. Díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀ kí i.

Ó na ìka sókè. 

"Ṣé ẹ gbé ohùn sókè ni, Bàbá?"

"N kò fọwọ́ kàn án."

"Kò fọwọ́ kàn án," ni Ariwo wí, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́ tòótọ́. "Àádọ́rin ni ti àkọ́kọ́. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin nìyí. Mo ń wò ó."

Òwú yí padà. Bàbá náà ká aṣọ kúrò, pákó lásán méjì kékeré sì wà níbẹ̀, èyí tí kò wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ sí. Ó sún mọ́ wọn. Bébà inú wọn ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè mú un dáadáa, ènìyàn odindi sì wà nínú gbígbọ̀n yẹn, pẹ̀lú èémí rẹ̀ àti àga rẹ̀. Òwú gbé ọwọ́ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń yáná.

"Báwo ni ọgbọ̀n ṣe borí ẹgbẹ̀fà?" ni ó béèrè.

"Nítorí pé ìwọ̀n ohùn kọ́ ni nọ́ńbà yẹn," ni bàbá náà dáhùn. "Ìwọ̀n ìyà ni. Ó ń sọ bí agbára iná tí sípíkà lè gbà ti pọ̀ tó kó tó jóná. Bí ikùn ènìyàn ṣe tóbi tó kọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ èyí tí sípíkà lè fara dà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì sókè lẹ́ẹ̀kan, tó sọ ọ́ sílẹ̀, tó wá ní alábàárù ni òun."

Òwú béèrè iye wáàtì tí èyí tó ń dún yìí ń jẹ. Bàbá náà fi ẹ̀rọ tó ń wọn iná hàn án: kò pé ẹyọ kan. Òwú wò ó títí. Ẹyọ wáàtì kan. Iná tórọ́ọ̀ṣì tí kò lè mọ́lẹ̀ dé òpin ọgbà ń jẹ tó bẹ́ẹ̀, òun náà ló sì kó olùkọ́ kan wọ inú yàrá yìí. Ó ní kí bàbá náà jẹ́ kí òun sọ agbára náà di ìlọ́po méjì. Nọ́ńbà orí fóònù Ariwo fi mẹ́ta péré gòkè. Wọ́n tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mẹ́ta péré ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Òwú ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: mẹ́sàn-án ló wà láàárín àádọ́rin àti mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ìyẹn ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta; kí sípíkà ńlá tó lè bá kékeré yìí dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ jẹ ìlọ́po mẹ́jọ agbára tí kékeré ń jẹ.

Ó ti kọ́ ọ nílé-ìwé. Ó ti há a sórí, ó ti gba máàkì sí i, pé etí kì í ka ohùn bí a ti ń ka owó, pé ìlọ́po ni ó fi ń kà á. Kò rò ó rí pé etí tòun ni wọ́n ń sọ. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ ọ̀tún. Ohun kékeré tó rí kọ́lọkọ̀lọ yìí ló ń gbọ́ èémí àjèjì nínú bébà, òun náà ló sì ń gbọ́ àrá láìfọ́.  

"Kí ni nọ́ńbà yẹn wá wà fún nígbà náà?" ni Ariwo béèrè.

Bàbá náà ní ó wúlò láyè tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá lágbára ju ohun tí sípíkà lè gbà lọ, yóò jó o. Bí ẹ̀rọ bá sì kéré, tí wọ́n yí i dé òpin títí ohùn fi ń ya, ìyẹn náà lè ba sípíkà jẹ́. Kí ẹ̀rọ àti sípíkà bá ara wọn mu ni kí ènìyàn fi nọ́ńbà wò. Ó ní sípíkà ńlá náà kò burú, ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá àti gbọ̀ngàn ńlá yóò wá a wá. "Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tó lè bá ọ gbọ́ràn," ni ó wí, ó sì fi àkísà ìyá Òwú wé àwọn kékeré méjì náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, Òwú tún wà nídìí ògiri yàrá ìránṣọ pẹ̀lú òòlù. Kò lo pẹpẹ òkè fèrèsé mọ́. Ó fi téèpù ìyá rẹ̀ wọn ibi tí etí rẹ̀ máa ń wà bó bá jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ibẹ̀ ni ó sì kan ìṣó sí. Ó gbé wọn kọ́. Ó fa wáyà gba ìsàlẹ̀ ògiri kó má baà kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lọ, kò wẹ̀yìn.

Òwú tẹ fóònù. Olùkọ́ mí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè bí ẹni tí àlejò bá nílé. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tún mú un, ràì, bí òjò orí páànù. Olùkọ́ ṣàlàyé, ó béèrè ìbéèrè kan, ó dákẹ́. Láìdúró, láìgbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, ìyá Òwú dáhùn. Olùkọ́ sọ ìdáhùn. Ọ̀kan náà ni. Olùkọ́ tún béèrè, ìyá rẹ̀ tún dáhùn, kọ́là kan sì bọ́ sórí òkìtì èyí tó ti rán tán.

"Màmá," ni Òwú wí, "ṣé ẹ ti ní kí wọ́n yọ orúkọ yín?"

"Ta ló ráyè?" ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ṣé o kò rí i pé mo wà ní kíláàsì?" Ó rán ìlà kan parí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ohun tí o fẹ́ kí ènìyàn rí lo rà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mo nílò lo rà lánàá. Má ṣi méjèèjì mú fún ara wọn mọ́. Bí o bá sì ṣe àṣìṣe, sọ ọ́ kíá, kí ẹlòmíràn má baà máa ru ẹ̀bi rẹ."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Nọ́ńbà ńlá kì í ṣe iṣẹ́ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń dán kì í ṣe ohun tó ń ṣàǹfààní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ti rí, kó kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ohun tí àwọn ènìyàn ń pariwo rẹ̀, kó dán an wò fúnra rẹ̀. Irọ́ tí a sì fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ kì í dúró lórí ẹni tó pa á. Orí ẹni tó gba òpùrọ́ gbọ́ ni ó máa ń wúwo lé.

Òwú kó òòlù àti ìṣó tó ṣẹ́ kù sínú àpótí. Ó gbá eruku ògiri kúrò nílẹ̀ kó má baà bá aṣọ funfun, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ariwo ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹgbẹ́ oníjó ti rí ilé mìíràn, àyè kan sì ṣì kù, ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀yìn ni.

"Ẹ̀yìn náà dára," ni Òwú wí.

Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sí ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ láìdá, ohùn ìyá rẹ̀ sì ń dáhùn.